Eérú Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Akínwándé

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ máa ń pa á lówe pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ Bàbá Akínwándé ló bí i: ó fi ẹ̀sùn èké kan ọmọlọ́mọ.

Bàbá yìí ni olórí ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Òun fúnra rẹ̀ ti pé ẹni àádọ́ta ọdún kó tó mọ ábídí, síbẹ̀ ó máa ń bá gbogbo ayé wí bí ẹni pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún níwèé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yarí. Bí wọ́n bá tàn án, iná abẹ́ máòsì á pọ́n. Kí kọ̀ǹpútà tó jí tán, iná á kú, gbogbo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ki máòsì àti fúláàṣì bọ̀ á sì kú. Fúláàṣì tí ìbéèrè wà nínú rẹ̀ kò ṣeé ṣí, ogójì àgbàlagbà sì ti mú bírò dání.

"Mosúnmọ́lá, ìwọ lo bà á jẹ́!" Bàbá jágbe mọ́ akọ̀wé rẹ̀. "Sinimá lo kó sí i. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ Ẹtì."

"Dákẹ́!"

Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n pààrọ̀ máòsì. Bàbá tiẹ̀ na ìka sí i: "Kọ̀ǹpútà, mo kìlọ̀ fún ẹ o." Pàbó. Ni wọ́n bá pe Ràsákì tó ń tún un ṣe.

"Nǹkan ló dí ihò yìí, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ló ń ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ kí iná má baà jó o."

"Gúgúrú Mosúnmọ́lá ni! Ẹ wá wò ó!" Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ ihò, gbogbo kíláàsì rọ̀gbà yí i ká. Ràsákì fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí ihò kan. Fùú! Irùngbọ̀n, imú, agbádá funfun, gbogbo rẹ̀ di eérú.

"Ta ló ń dáná nínú kọ̀ǹpútà?" Ràsákì béèrè.

"Èèrà ni wọ́n ń fi eérú lé," ni ìyá àgbà kan dáhùn. "Bí ìyá tèmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni Bàbá rántí ọjọ́ Sátidé. Ó mu tíì lórí kọ̀ǹpútà, ó ta sí i, èèrà tọ ṣúgà wọnú rẹ̀, òun náà bá ká ìwé bí àrọ, ó da eérú ìdáná sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun lọ́gbọ́n.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú gbogbo wọn.

"Mosúnmọ́lá, ṣàánú mi. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni mo tún bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ." Ó gbójú sókè pẹ̀lú eérú lórí ìpéǹpéjú. "Ẹ̀yin yòókù, ẹ̀rín kọ́ ló kàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀."