Ẹ̀wù Ìpẹja Orville àti Àpótí Irin

Orville Halvorsen ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Òun àti Inga aya rẹ̀ ń di ẹrù lórí tábìlì ìdáná, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn yóò lọ pàgọ́ létí adágún kan tí béárì pọ̀ nínú igbó rẹ̀. Ẹ̀wù ìpẹja rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀wù tí kò fojú kan ọṣẹ rí. Ẹ̀rù àtidá sùn nínú àgọ́ ń bà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún?

"Inga, gbọ́ mi dáadáa. Ohunkóhun tó bá ní òórùn ò gbọdọ̀ wọ àgọ́. Inú àpótí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀, kọfí."

"Mo gbọ́."

"Ọṣẹ."

"Ọṣẹ kẹ̀? Béárì ń wẹ̀ ni?"

"Imú ló fi ń ríran. Ọṣẹ ìfọyín náà."

"Áà, jẹ́ kó fọyín kó tó jẹ wá."

"Ìpara ojú rẹ náà."

Inga rọra gbé ìpara sílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ tòkè tilẹ̀.

"Ẹ̀wù ọrùn rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀wù kì í ṣe oúnjẹ."

"Ẹja tó gbẹ mọ́ ọn lára ńkọ́?"

"Ẹ̀wù oríire ni! Mi ò pa ẹja rí láìwọ̀ ọ́."

"O wọ̀ ọ́ lọ lọ́dún tó kọjá. Kí lo pa?"

Orville wúkọ́. "Omi tutù jù."

"Ọkọ mi, ìwọ lo ṣòfin o. Bí ẹ̀wù yẹn bá wọ àgọ́, ilé Solveig àbúrò mi ni màá sùn. Kí ìwọ àti béárì máa tàkúrọ̀sọ."

"Ẹ̀rù béárì ò bà mí."

"Mo mọ̀. Ó dàárọ̀."

"Dúró ná!" Orville bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a bí aṣọ ìgbéyàwó. "Àpótí irin. Ṣùgbọ́n má fi kọfí tì í. Kọfí á ba òórùn rẹ̀ jẹ́."

Títí dòní ni wọ́n ń sọ létí adágún náà pé Orville Halvorsen fi ìgboyà lé béárì lọ. Àṣìṣe pátápátá ni, ó sì yẹ ká tún un ṣe. Lóru tí béárì yọ sí wọn nínú àgọ́, ẹ̀yìn Inga ni Orville sá sí. Béárì ló sún mọ́ àpótí irin náà, ó fimú fa òórùn ẹ̀wù inú rẹ̀, ó sín, ó sì padà sínú igbó.

"Orville," ni Inga wí, "dìde, lọ gbé ẹ̀wù rẹ wọ̀."