Bẹ́ẹ̀dì Tó Di Ògiri

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ìṣó ló fà á. Obìnrin aránṣọ kan ló pe lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú Baálẹ̀ àtàwọn ìjòyè. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù tó ní yàrá lẹ́yìn, ó fẹ́ kó lọ, ọkọ̀ akẹ́rù sì ti dúró. Àmọ́ lánlọ́ọ̀dù dí ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹrù kankan ò jáde.

"Ẹrù ta ni?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Tèmi ni, Bàbá. Bẹ́ẹ̀dì mi, àga mi, àti máṣíìnì tí mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Tí mi ò bá rí máṣíìnì yẹn gbà, ebi ló máa pa wá."

Lánlọ́ọ̀dù dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"Mi ò mọ bẹ́ẹ̀dì kankan, Bàbá. Ògiri kan tó yọ síwájú, tó sì rọ̀ díẹ̀, lèmi mọ̀ nínú ilé mi."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Lánlọ́ọ̀dù ra inṣọ́ránsì sórí ilé rẹ̀. Aránṣọ gbọ́, ó lọ bi ọkùnrin inṣọ́ránsì bóyá ẹrù tòun náà wà níbẹ̀, nítorí iná àti omi ò mojú ẹnì kan. Ọkùnrin náà da gírámà bò ó. Ohun tí aránṣọ rí dì mú níbẹ̀ ni pé ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ilé wà nínú inṣọ́ránsì, èyí tó ṣeé gbé jáde ò sí níbẹ̀. Ló bá pe káfíńtà, ó ní kó kan gbogbo ẹrù òun mọ́ ilé.

"Kí lo kàn?" Baálẹ̀ bi káfíńtà.

"Bẹ́ẹ̀dì nìkan, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀dì nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀dì àti àga. Àti máṣíìnì."

"Ìkòkò tí mo rí lára ògiri nígbà tí mo lọ yẹ ilé náà wò ńkọ́?" ni ìjòyè kan bi í.

Káfíńtà dojú bolẹ̀. "Ìkòkò náà wà níbẹ̀."

Ìjòyè náà yíjú sí aránṣọ. "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń fọ ìkòkò náà?"

"Mò ń nù ún ni. Ṣùgbọ́n olè ò lè gbé e."

Wọ́n pe ọkùnrin inṣọ́ránsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun ìní tó ṣeé ṣí nípò àtèyí tí kò ṣeé ṣí nípò, títí ìjòyè tó dàgbà jù fi sùn lọ. Baálẹ̀ ní kó sọ ọ́ bíi pé ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Inṣọ́ránsì lánlọ́ọ̀dù, ilé ló wà fún. Ayálégbé máa ń ra tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún ẹrù rẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Mo sọ ọ́, Bàbá. Mo kàn sọ ọ́ dáadáa jù ni."

Lánlọ́ọ̀dù ní ṣé wọ́n ti gbọ́ báyìí. Obìnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹrù di ilé. Ta ló wá ni ilé? Aránṣọ fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

"Òótọ́ lo sọ," ni Baálẹ̀ wí. "Wọ́n ti di ilé. Ìwọ lo ni wọ́n."

Lánlọ́ọ̀dù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Má tíì dìde. Tí ilé bá bàjẹ́, ta ló ń tún un ṣe?"

"Lánlọ́ọ̀dù ni, Bàbá."

"Ó dáa. Owó ilé obìnrin yìí ò tíì tán, kó padà síbẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì bá kán, ògiri ló sán yẹn, wá tún un ṣe. Tí ìkòkò bá dúdú, ilé ló nílò ọ̀dà. Tí ìdun bá wọ bẹ́ẹ̀dì, ilé rẹ ló wọ̀, ìwọ ni wàá máa wá ṣà á láràárọ̀."

Lánlọ́ọ̀dù rò ó lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, mo ti rántí. Bẹ́ẹ̀dì ni."

Baálẹ̀ wá dá ẹjọ́. Lánlọ́ọ̀dù ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yọ gbogbo ìṣó náà. Aránṣọ gbọ́dọ̀ ra inṣọ́ránsì ẹrù kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ọkùnrin inṣọ́ránsì ni yóò dí ihò ara ògiri, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu títí yóò fi dí wọn tán.

Òun nìkan ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kúkú na òun.