Ibà Tó Ṣe Tiwátọ́pẹ́

Bó bá ṣe pé ìyìn máa ń mú èèyàn sanra ni, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán kì bá tí lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ wọlé mọ́. Òun ni olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀wọ̀: Àrólé Ọgbọ́n, Ìmọ̀-ò-gbọdọ̀-ṣáájú-mi-délé, ọkùnrin tó máa ń kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́ nínú dígí.

Òun ló dá búlọ́ọ̀gù sílẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ máa bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa wá ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ gidi. Zipporah, tí ìyá rẹ̀ ń dáko ní Imoru, béèrè ohun tó ń mú iṣu wọn jẹrà lẹ́yìn ìkórè. Jamaldeen ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ́ ló ń ṣá iṣu lọ́gbẹ́. Wọ́n ní kí olùkọ́ bá àwọn dá sí i.

Olùkọ́ kò ráyè. Àwòrán ara rẹ̀ ló ń gbé síbẹ̀: Oyèlárán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, Oyèlárán pẹ̀lú kóòtù láàárín ebè. Kò sẹ́ni tó yìn ín, ó sì dùn ún wọra, nítorí ipò igbákejì ọ̀gá àgbà ti ṣófo, ojú rẹ̀ sì ti wọ̀ ọ́.

Ló bá fi fóònù rẹ̀ bí ọmọ kan sórí búlọ́ọ̀gù náà. Ó sọ ọ́ ní Tiwátọ́pẹ́ Akínjídé, ará Upenmen.

"Sà, ọpọlọ yín ò láfiwé!" ni Tiwátọ́pẹ́ ń kọ. "Sà, kóòtù yín bá ebè mu!"

"O ṣeun, ọmọ dáadáa," ni Oyèlárán ń fún ara rẹ̀ lésì.

Ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ lẹ́bùn dé. Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn, wọ́n sì tan búlọ́ọ̀gù náà sára ògiri. Ọ̀gá àgbà, Ìyáàfin Ọmọ́yẹlé, gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

"Kí n tó kéde igbákejì mi, ọmọ tó sọ̀rọ̀ jù lórí búlọ́ọ̀gù yìí máa gba ẹ̀bùn. Tiwátọ́pẹ́ Akínjídé, máa bọ̀!"

Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèlárán, ọmọ yín dà?"

Olùkọ́ tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ara rẹ̀ ò yá, mà. Ibà ni."

"Ẹ̀yà! Kíláàsì, ẹ mú fóònù yín jáde. Ẹ kí i lórí búlọ́ọ̀gù, kí orí rẹ̀ wú."

Zipporah wo Jamaldeen. Ó ti pẹ́ táwọn ọmọ ti mọ̀ pé kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìpè. Zipporah tẹ̀ ẹ́ pé: "Tiwátọ́pẹ́, pẹ̀lẹ́. Ṣé o ti lo oògùn?"

Gbín! Àpò Oyèlárán ló dún.

Jamaldeen náà kí i. Gbín! Ni ogójì ọmọ bá ń kí aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Oyèlárán fọwọ́ bo àpò, kóòtù ń gbọ̀n, fóònù ń ké.

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Upenmen ni mo ti wá o! Mi ò mọ̀ pé inú àpò ni wọ́n ń gbé níbẹ̀!"

Gbọ̀ngàn wó fún ẹ̀rín. A kì í jẹ oyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ. Ọ̀gá àgbà rọra ká ìwé tó fẹ́ fi kéde igbákejì rẹ̀, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀.

"Ẹ bá ọmọ yín gba ẹ̀bùn," ló wí. Báàgì ilé-ìwé aláwọ̀ òdòdó ni, Oyèlárán sì gbé e kọ́ èjìká.

Gbín! Zipporah tún ti kọ̀wé: "Tiwátọ́pẹ́, jọ̀ọ́, bá mi bi Sà léèrè: kí ló ń mú iṣu ìyá mi jẹrà?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ olùkọ́. Kò síbi tó lè sá gbà. Ó fa fóònù yọ, ó sì tẹ èsì àkọ́kọ́ tó nítumọ̀ láti ọjọ́ tó ti dá búlọ́ọ̀gù náà sílẹ̀: "Jamaldeen gbà á. Ọgbẹ́ ọkọ́ ni. Ẹ máa fi eérú pa ojú ọgbẹ́ náà kí iṣu tó wọ abà."

Èsì náà yọ lára ògiri. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni Tiwátọ́pẹ́ Akínjídé.

"Ara rẹ̀ ti yá o!" ni gbogbo gbọ̀ngàn pariwo.