Mo Bá Lọ́yà Tún Ìwé Ṣe

Ọjọ́ tí mo ru ìwé tẹ̀lé lọ́yà wọ kóòtù kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Iṣẹ́ ilé-ìkàwé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì nígbà náà, Àgbowó ni mo sì ń gbé. Bí mo bá sọ ohun tí mò ń kọ́ fún èèyàn, wọn a ní, ṣé ìwé títò náà ló ń gba odindi ọdún mẹ́rin? Ó máa ń dùn mí dé egungun. Nígbà tó wá di pé ká lọ kọ́ṣẹ́ níta, tí lọ́yà àgbà kan ní Ring Road gbà mí sí láíbìrì wọn, mo pinnu pé màá fi han aráyé.

Ẹ̀kọ́ tí a gbà ni pé bébà wẹ́wẹ́ tí èèyàn bá kì bọ inú ìwé ń ba ìwé jẹ́. Ìwé òfin ọ̀gá sì kún fún un: ègé ìwé ìròyìn, káàdì ìgbéyàwó, àní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ọ̀gá rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn. Mo gbọn gbogbo ìwé náà, mo nù wọ́n, mo tò wọ́n, mo da bébà nù. Láíbìrì ń dán, èmi náà ń yan.

Ọjọ́ tí ọ̀gá dé gan-an ni ẹjọ́ Màmá kan bọ́ sí, opó tí àbúrò ọkọ wọn fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ní kí n ru ìwé tẹ̀lé àwọn. Nígbà tó kàn wọ́n láti sọ̀rọ̀, wọ́n ṣí ìwé kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Wọ́n ṣí òmíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sétí mi.

“Àwọn bébà tí mo fi sàmì síbẹ̀ ńkọ́?”

“Mo ti bá yín tún un ṣe, sà.”

Ọ̀gá ò bínú. Wọ́n kàn bojú wo Màmá ni, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀gá dárúkọ àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí àwọn fẹ́ tọ́ka sí. Mo gba ìwé lọ́wọ́ wọn, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ẹjọ́ sí, mo ń fi ìka wá wọn. Ìwé yòókù já bọ́ gbàgà. Ẹnì kan tún ń sọ̀rọ̀ ṣáá níwájú. Mi ò gbójú sókè. Mo fi ìka kan ètè bí a ti ń ṣe ní láíbìrì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, a ń kàwé níbí.”

Adájọ́ ni ẹni náà.

Adájọ́ yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí títí. “Ó dáa, a ti dákẹ́. Máa kàwé ẹ lọ.”

Ọlọ́run ṣe é, mo rí ojú ewé náà, mo sì rí àwọn yòókù, ọ̀gá sì fi wọ́n gbèjà Màmá. Nígbà tí ìdájọ́ jáde, Màmá ló ni ilé wọn. Wọ́n dì mọ́ mi níta kóòtù, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n wá kí àwọn nílé.

“Ṣùgbọ́n ọmọ mi, tóo bá dé, má bá mi tún nǹkan kan ṣe o.”

Ọjọ́ náà ni mo kọ́ ọ pé kéèyàn tó tún nǹkan oní-nǹkan ṣe, kó kọ́kọ́ bi í. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Mo bá Màmá rẹ́rìn-ín.