Onígẹrun Tó Ń Fi Irun San Owó Oúnjẹ Ọmọ

Ẹjọ́ kan já lu ààfin lánàá, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ìjòyè. Àmọ́ obìnrin tó gbé ẹjọ́ wá ò rẹ́rìn-ín rárá. Aránṣọ ni. Ó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin mú, ọmọ ọdún méje, tó dé fìlà òtútù nínú oòrùn gangan.

"Ìyá aránṣọ, kí ló dé?"

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọkọ mi àtijọ́ nìyẹn, onígẹrun tí wọ́n ń pè ní Gẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀. Nígbà tí kóòtù tú wa ká, wọ́n ní kó máa fún mi lówó oúnjẹ ọmọ àti owó iléèwé lóṣooṣù. Ó san án fúngbà díẹ̀, ló bá dákẹ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Iléèwé ti lé ọmọ wálé! Wọ́n ní bí owó ò bá dé kó tó di Mọ́ńdè, kò ní bá wọn ṣèdánwò."

Kábíyèsí yíjú sí onígẹrun. "Ṣé lóòótọ́ lo ò sanwó?"

"Irọ́ ni! Mò ń san án. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń san án. Ẹ ní kọ́mọ ṣí fìlà."

Ọmọ ṣí fìlà. Orí ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Gbogbo Sátidé tó bá ti wá kí mi ni mo ń gẹ̀ ẹ́," onígẹrun ní, ó ń yangàn. "Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fọ́mọ?"

Aránṣọ fò dìde. "Ṣé irun la máa sè jẹ ni? Ọmọbìnrin ni o! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kí i pé ẹ káàárọ̀, bàbá!"

"Ta ni ẹlẹ́rìí ẹ?" Kábíyèsí bi aránṣọ.

"Èmi ni," bàbá onílé aránṣọ dáhùn. Òun náà ṣí fìlà. Ẹ̀gbẹ́ òsì orí ẹ̀ dán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún di igbó. "Owó ilé ni mo wá gbà lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó ní kí n lọ bá bàbá ọmọ. Ìyẹn ní kí n jókòó. Ó gẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ti oṣù yẹn ti tán, kí n padà wá gba ìyókù lóṣù tó ń bọ̀!"

"Èmi náà lẹ́lẹ́rìí!" onígẹrun pariwo. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dìde. "Kábíyèsí, ìṣojú mi ló ti ka owó lé obìnrin yìí lọ́wọ́."

"Owó ni àbí irun?"

"Ẹ̀n... owó ni. Irun ló fi wé e."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kí wọ́n tó fẹ́ra."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó!"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n sọ bẹ́ẹ̀!"

Ìjòyè kan ní, "Ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ kóòtù, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ."

Aránṣọ kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, bó bá wọ ẹ̀wọ̀n, ta ló máa sanwó? Orí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lá máa gẹ̀!"

Ìjòyè kejì ní, "Ká gba kílípà àti àga ẹ̀, ká tà wọ́n."

"Kí ló máa wá fi ṣiṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀?" aránṣọ bi í.

Ìkẹta ní, "Ká kúkú máa gba owó náà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ẹ̀, kó tó dé ọwọ́ ẹ̀."

Kábíyèsí mi orí. "Ìyẹn wọlé. Gẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀, gbé àga ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá ọmọ ẹ. Àna ẹ àtijọ́, ìyá obìnrin yìí, ni yóò máa gbowó lẹ́nu ọ̀nà."

"Yéè! Ìyá yẹn? Ẹ kúkú sọ mí sẹ́wọ̀n!"

"Mi ò tíì parí. Gbogbo ẹni tó ti jẹ ọ́ lówó irun, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí wọ́n fi san án, bí ìwọ náà ṣe ń ṣe fọ́mọ ẹ."

Onígẹrun bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyà nìyẹn? Káfíńtà á kan àga fún mi, akunlé á kun ilé mi lọ́dà!"

Inú aránṣọ bàjẹ́. Mọ́ńdè mà ti dé tán. Ìgbà náà ni àgbàlagbà kan tó ga bí òpó iná dìde lẹ́yìn pátápátá.

"Gẹ̀ẹ́mọ́lẹ̀, mo jẹ ọ́ lówó irun. Má bínú pé ó pẹ́."

"Kò burú, bàbá. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Sàréè ni mo ń gbẹ́. Nàró dáadáa, kí n wo gígùn ẹ."

Bàbá ti ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ bọ̀.

Onígẹrun bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ń fa owó jáde bí ẹni tí eèrà wọ̀ láṣọ. "Ìyá ọmọ mi, gbà! Owó iléèwé nìyí, owó oúnjẹ nìyí! Tètè kà á, kó o bá mi sọ fún bàbá yìí pé ẹnì kankan ò jẹ mí ní gbèsè o!"