Ìyá Lukman Kó Wa Lọ Gbọ́ Èsì Àyẹ̀wò

Ìyá Lukman ló rọ́ wa sínú mọ́tò láti Ìdógò lọ sí Ìlaròó, pé ká wá fetí ara wa gbọ́ èsì àyẹ̀wò àtọ̀ ọmọ òun.

Àtọ̀ o! Ṣé ohun tí wọ́n ń pe èrò sí nìyẹn?

Ó mú èmi aládùúgbò. Ó mú Nímọ́tà, ìyàwó Lukman, àti bàbá ẹ̀ dání. Ó ní tí dókítà bá ti wí pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ọmọ òun, kí bàbá máa mú àgàn rẹ̀ lọ sílé látibẹ̀. Ẹrù Nímọ́tà ti wà nínú búùtù!

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, Dókítà Dinah ní kí Lukman nìkan wọlé.

“Kò jọ ọ́! Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa,” ni Ìyá Lukman ń pariwo. “Lukman, àbí ojú ń tì ẹ́ ni?”

Lukman, tí kì í kọ ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀, ní kí wọ́n sọ ọ́.

“Àtọ̀ wà, ṣùgbọ́n irúgbìn ọmọ kankan ò sí nínú ẹ̀,” ni dókítà wí. “Jíìnì, ìyẹn àwọn ohun àjogúnbá inú ara, ló ń darí bí irúgbìn yẹn ṣe ń gbó nínú ẹpọ̀n. Ọ̀kan nínú ti Lukman ti bàjẹ́ látinú oyún. Ó jogún ẹ̀ ni.”



Bàbá Nímọ́tà wúkọ́. Ikọ́ ayọ̀ ni!

Ni Ìyá Lukman bá fò sókè, gbìà! “Ó jogún ẹ̀? Mo mọ̀! Ìdílé bàbá ẹ̀ ni! Ọkọ mi ò lè gbin àgbàdo kó hù, áḿbọ̀sì ọmọ!”

Ọkọ tó ń bú yìí ti kú tipẹ́. 

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ni dókítà wí, “irú èyí kì í wá láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á. Ìyá lè gbé e kiri títí ayé ẹ̀ kó má mọ̀.”

Yéè! Ẹ̀rín ń pa mí! Mo fi fìlà di ẹnu, ẹ̀rín ń gba imú jáde.

Nímọ́tà, tí kò tíì lanu látàárọ̀, yíjú sí ìyá ọkọ ẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ rọra jókòó.”

Màmá ò jókòó. Ó gbá tábìlì, gbàà!

“Dókítà, ẹ tún un yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo bí i!”

“Màámi!” Lukman figbe ta. “Ṣebí ẹ ní inú oko pákí lẹ bí mi sí, ẹ̀yin nìkan?”

“Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn! Ta ló rí mi níbẹ̀?”