Bí Òròkí Ṣe Di Ìkorò Lórí Ẹní Àna Mi

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ti kọjá lórí mi tí n kò rántí mọ́, ṣùgbọ́n Sátidé kan wà tó jókòó sọ́kàn mi bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń relé. Bí mo bá ti rí iyán báyìí, ọjọ́ náà máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ tán pátápátá, bóyá yóò dìde kó máa lọ.

Aláró ni mí ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, ìyá tirẹ̀ ló sì kọ́ òun náà. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé a kì í fi aró ṣeré níbẹ̀, wọ́n ń fi í kì wá ni. Ohun kejì tí mo fẹ́ràn láyé ni bọ́ọ̀lù. N kì í gbá a o. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbá a, fèrèsé mọ́ṣáláṣí ni mo gbá a sí. Wíwò ni tèmi. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Òṣogbo bá borí, gbogbo oníbàárà mi ló máa jẹ èrè. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ẹni tó bá wá ná aṣọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè fi ara rẹ̀ wewu.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lígì gbé àwọn ọmọ wa lọ sí Iléṣà láti lọ bá àwọn Ìjẹ̀ṣà gbá a nílé wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi retí rẹ̀. Ní Òkè-Fìà, àwọn ọlọ́kadà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń fọ́nnu pé àwọn á gún wa bí iyán. Àwa náà ní kò burú, a ó gbé ọbẹ̀ dání. A háyà bọ́ọ̀sì, mo sì ti yan ìjókòó mi létí fèrèsé, níbi tí ohùn mi á ti lè jáde dáadáa.

Ìgbà náà ni Ṣadé pè mí. Ṣadé ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Fìà, ṣùgbọ́n ọmọ Ifẹ̀wàrà ni, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó mú mi lọ bá bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó, oṣù mẹ́jọ náà sì ni bàbá fi ń sọ pé òun ò ráyè.

"Bàbá ti gbà o," ni Ṣadé wí. "Wọ́n ní kó o wá ní Sátidé."

"Sátidé wo?"

"Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Wọ́n ní tó o bá yẹ̀ ẹ́, kó o má wulẹ̀ wá mọ́."

Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an, n kò lè fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ńkọ́? Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò. Bọ́ọ̀sì wa á gbé mi dé Iléṣà láàárọ̀, màá gun ọ̀kadà lọ sí Ifẹ̀wàrà, màá kí bàbá, màá jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú mi, aago méjì mo ti ń padà, aago mẹ́rin bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìṣirò náà, ó sì ń jáde. Ìṣirò tí kò bá tíì pàdé bàbá ìyàwó máa ń jáde dáadáa.

Aṣọ ló kù. Aró ni àwọ̀ ẹgbẹ́ wa, mo sì ti fọ́nnu fún gbogbo èrò bọ́ọ̀sì pé èmi ò ní ra tọ́jà, màá rẹ tèmi fúnra mi. Mo gbàgbé títí di ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí a kírun tán ni mo sáré wálé, mo mú tíṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, mo fi àbẹ́là yíyọ́ kọ OROKI gàdàgbà sí àyà rẹ̀, torí Òròkí ni wọ́n ń ki ìlú Òṣogbo, ọmọ Òròkí sì ni wá. N kò ráyè fi àmì ohùn sí i lórí. Aṣọ tó yẹ kí n rì sínú aró lẹ́ẹ̀méje, kí n fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, kí n sì fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rì í. Mo fún un, mo tẹ́ bébà lé e, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ títí àbẹ́là fi yọ́ kúrò. Ó dára lójú. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo rì í?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Màámi."

"O ṣàn án?"

"Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ wò, Màámi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà á."

"Tóò," ni ìyá mi wí, ó sì yíjú padà. "Aró ò mọ bọ́ọ̀lù o."

Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run á foríjì mí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ tíṣẹ́ẹ̀tì yẹn sínú, mo wá wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí mo dá fún Iléyá lé e lórí. Àna lóde, Òròkí nínú. Nígbà tí mo fi dé Ifẹ̀wàrà, Ṣadé ti wà nílé. Bàbá rẹ̀ jókòó síwájú ilé, níbi tí wọ́n sá kòkó sí, rédíò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wò mí bí ẹni ń wo kòkó tí kò gbẹ délẹ̀.

"Ìwọ ni aláró?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé aró rẹ ń mú?"

Ẹ wo ibi tí mo ti ko ara mi sí wàhálà. Bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, bóyá ì bá sàn. "Bàbá," ni mo wí, "aró tèmi kì í ṣí. Aṣọ á gbó kí aró tó ṣí lára rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí, ohùn Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ sì rinlẹ̀ dáadáa. "Nínú ulé yìí, ẹni tó bá fẹ́ ọma wa ló ń gún uyán ọjọ́ kìíní. A fẹ́ rí apá rẹ."

Bóyá àṣà àwọn Ìjẹ̀ṣà ni o, bóyá bàbá ló dá a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò mọ̀ títí dòní. Iṣu náà kò sì tíì jinná. Ó tó aago kan kí wọ́n tó kó o sódó, oòrùn sì wà láàárín orí. Mo gbá ọmọ odó mú. Lẹ́yìn bí ogún ìgbà tí mo gbé e sókè, òógùn bò mí.

"Bọ́ bùbá ẹ," ni bàbá wí.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Òtútù díẹ̀ ló ń mú mi."

Òtútù! Nínú oòrùn yẹn! Ṣadé wò mí, ó sì ń ṣẹ́jú sí mi kíkankíkan. Mo rò pé ìfẹ́ ni, mo ṣẹ́jú padà. N kò mọ̀ pé ọrùn bùbá mi ló ti ń di aró, àti abẹ́ apá mi méjèèjì. Nígbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí iyán padà, ẹ̀kán aró kan já bọ́ láti àgbọ̀n mi, ó sì balẹ̀ sáàárín iyán funfun yẹn, tó!

Ẹni tó gbọ́n á fi ṣíbí yọ ọ́. Èmi yára gún un mọ́lẹ̀ kí bàbá má baà rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán irú rẹ̀ wò láé. Ohun tó wà lójú kan tẹ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi tàn án ká gbogbo odó. Ìkejì kán, ìkẹta tẹ̀ lé e. Iyán dà bí ojú ọ̀run tó ṣú òjò.

Bàbá dìde. Ó yẹ odó wò, ó yẹ èmi náà wò.

"Mo ti jẹ uyán láti kékeré mi," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "n kò rí èyí tó wọ àdìrẹ rí."

Ó fa bùbá náà bọ́ lọ́rùn mi. OROKI yọ lójú gbogbo wọn, gàdàgbà. Àfi bíi pé wọ́n bẹ rédíò lọ́wẹ̀, ó ní kí gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù má gbàgbé o, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, ní Iléṣà.

"Ṣé èmi lo wá kí," bàbá bèèrè, "tàbí ilé mi wulẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù?"

Mo rí i pé Ṣadé ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ. Ẹní tuntun kan wà nílẹ̀ tí wọ́n tẹ́ de oúnjẹ. Mo sọ ara mi lu orí rẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, bọ́ọ̀sì, ìṣirò, ẹ̀ẹ̀kan tí mo rì í.

"Dìde," ni bàbá wí.

Mo dìde. Àyà mi ti tẹ̀ sórí ẹní náà. Bàbá yọ gíláàsì rẹ̀ lápò, ó fi í sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń di iwájú rẹ̀. OROKI àyà mi, ó ti di IKORO lórí ẹní.

"Ì-ko-rò," ni bàbá kà. "Ìkorò? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé oyin lọ ilé àna, ìwọ gbé ìkorò, o sì tẹ̀ ẹ́ sórí ẹní mi?"

"Òròkí ni, Bàbá! Ó yí padà ni!"

"Kò tíì fẹ́ ọmọ, ó ti yí padà."

Ṣadé kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ni, Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn.

Bàbá wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wọ dàńṣíkí àwọ̀ ewé, ó dé fìlà àwọ̀ ewé, ó sì kó irú wọn mìíràn dání. Àwọ̀ ẹgbẹ́ Iléṣà! Ó jù wọ́n sí mi.

"Wọ̀ ọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ronú bí mo ṣe máa lé ẹ lọ kí n lè bá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa jókòó sí. Bí o bá lè pa ẹnu mọ́ títí rẹfirí á fi fọn fèrè ìparí, a ó tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ nílé àna kò lè gbé ìyàwó."

Báyìí ni mo ṣe lọ wo bọ́ọ̀lù tí mo ti ń retí láti ọ̀sẹ̀ méjì: láàárín àwọn Ìjẹ̀ṣà, nínú aṣọ Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lú ọrùn àti etí aláwọ̀ aró. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì mi wà lódìkejì, wọ́n ń kọrin. Ọ̀kan rí mi, ó sì fi mí han àwọn yòókù. Orin náà dákẹ́ díẹ̀. Ojú tì mí ju ti iyán lọ.

Ọ̀mì ni títí ó fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ wa kan gba bọ́ọ̀lù, ó gé ẹni kan, ó gé ẹnìkejì, ó sì rán an wọlé. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìdúró.

"Gó—!"

Gbogbo Ìjẹ̀ṣà yíjú sí mi. Bàbá náà yíjú sí mi. Mo rí Ṣadé lọ́kàn mi, mo rí ẹní, mo rí odó.

"Gó... gògóńgò mi!" Mo di ọ̀fun mú. "Bàbá, gògóńgò mi ló ń dùn mí!"

Bàbá fún ètè pọ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó na ike omi rẹ̀ sí mi.

"Mu omi," ó wí. "Pẹ̀lẹ́."

Bọ́ọ̀lù parí, àwa ọmọ Òròkí la borí, a sì jáde ní pápá. Níbi tí a ti ń wá ọkọ̀ ló ti ní: "Irọ́ mẹ́ta lo pa fún mi lónìí. Ti aró àti ti òtútù kò dáa. Ti gògóńgò dáa púpọ̀. Lọ mú àwọn ẹbí rẹ wá. Kí wọ́n gbé oyin dání o."

Ọkọ Ṣadé ni mí báyìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ Iléṣà wá bá wa gbá a padà ní Òṣogbo, àlejò mi ni bàbá, mo sì wọ aṣọ aró fún un. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo rì í, ìyá mi ló sì ṣàn án. Mo fi bàbá sáàárín àwa ọmọ Òròkí. Òjò ńlá rọ̀ lù wá, mo ń ṣọ́ aṣọ náà, aró kò kán sílẹ̀ rárá. Bí mo ṣe ń yangàn lọ́wọ́ ni àwọn Ìjẹ̀ṣà gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, bàbá sì fò sókè nínú aṣọ aró wa.

"Gó... gògóńgò mi o!"

Mo na ike omi sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kí n tó wá rántí pé wọ́n ti nà wá nílé ara wa. Òótọ́ ni Màámi sọ, aró ò mọ bọ́ọ̀lù.